Mo tutọ́ sínú ìgò láti mọ ẹni tí mo jẹ́

Àbúrò mi ọkùnrin ló ra àpótí méjèèjì. Ó ní ìyàwó òun ti lóyún, òun sì fẹ́ rí nǹkan sọ fún ọmọ náà lọ́jọ́ tó bá béèrè ibi tí a ti ṣẹ̀ wá. Ó mú ọ̀kan, ó fi èkejì ránṣẹ́ sí mi. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti ń lo àyẹ̀wò DNA yìí, èyí tó ń yẹ àbùdá tí èèyàn jogún lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ wò, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń gbèrò àtirà á mọ ohun tó fẹ́ fowó rà, torí pé ohun tí wọ́n kọ sára àpótí náà yàtọ̀ gan-an sí ohun tó bá mi délé. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ tí tèmi ti wá. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pọ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ohun tí mo fẹ́ sọ sì kan gbogbo wọn.

Lílò rẹ̀ kò nira. Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nínú àpótí, pẹ̀lú ìdérí tó ní àrọ lẹ́nu, ọ̀rá tí wọ́n máa dì í sí, àti nọ́ńbà tí ẹ máa kọ́kọ́ fi forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ jẹ, ẹ ò gbọdọ̀ mu, ẹ ò sì gbọdọ̀ fa sìgá fún 30 ìṣẹ́jú kí ẹ tó tutọ́. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ń tu ú díẹ̀díẹ̀, ẹnu mi sì ń gbẹ. Ìlà kan wà lára ìgò náà tí itọ́ gbọ́dọ̀ dé, ìfófòó orí rẹ̀ kò sì sí nínú kíkà, nítorí náà mo dúró kí ó rọlẹ̀, mo tún tutọ́, mo tún dúró. Nígbà tí mo pa ìdérí náà dé, omi kan tó wà nínú rẹ̀ já wọnú itọ́, mo sì mì ín bí ìwé ìlànà ṣe sọ. Mo gbé e sókè síbi iná, mo ń wò ó. Mo rò ó lọ́kàn mi pé àwọn tó ti kú kí n tó dáyé wà nínú ìgò kékeré yìí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, èsì wọlé sórí ímeèlì mi.

Ohun tí wọ́n fi ń polówó jù lọ ni àwòrán ayé tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀, tí wọ́n kọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ márùn-ún ni tèmi. Mẹ́ta nínú wọn kò yà mí lẹ́nu, ìkẹrin sì kéré. Ṣùgbọ́n ìkarùn-ún, 7%, bọ́ sórí ilẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa kò dárúkọ rí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń wo fọ́tò àwọn ará ibẹ̀, tí mo ń wá imú mi àti iwájú orí mi kiri lójú wọn. Mo gbọ́ orin wọn. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Mo tilẹ̀ sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ wọn wà lára mi, mo sì gbọ́ bí ohùn mi ṣe yí padà nígbà tí mo ń sọ ọ́, bí ohùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sínú ẹgbẹ́ tó ti ń wù ú tipẹ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, iléeṣẹ́ náà kọ̀wé pé àwọn ti tún ìṣirò ṣe. Mo ṣí i. 7% ti di òdo. Itọ́ mi kò yí padà, èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kìíní náà ni. Ó dùn mí. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, bóyá wọn kò tíì gba ibi tó ti ń pè ní tirẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ rí ni.

Ìgbà yẹn ni mo tó lọ kà nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn kì í ka gbogbo DNA èèyàn tán. Nínú nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́ta àmì tí wọ́n ń pè ní lẹ́tà tó wà níbẹ̀, nǹkan bí 600,000 sí 700,000 ni wọ́n ń wò, àwọn ibi tí wọ́n mọ̀ pé èèyàn ti máa ń yàtọ̀ sí èèyàn. Wọ́n á wá fi tiyín wé ti àwọn kan tó wà láyé lónìí, tí wọ́n sọ pé ibì kan náà ni àwọn òbí àgbà àwọn ti wá. Nítorí náà, tí wọ́n bá kọ 40% síwájú ilẹ̀ kan, kò túmọ̀ sí pé 40% nínú àwọn baba ńlá yín gbé ibẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé apá yẹn nínú DNA yín jọ ti àwọn kan tó ń gbé ibẹ̀ nísinsìnyí, ìyẹn àwọn tí iléeṣẹ́ náà rí kó jọ. Tí wọ́n bá kó àwọn mìíràn kún wọn lọ́la, èsì yín á yí. Ní 2019, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBC ní Kánádà ṣe ìwádìí kan tí wọ́n ti fi itọ́ ìbejì tó wá láti inú ẹyin kan náà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ márùn-ún. Èsì àwọn iléeṣẹ́ náà kò bára mu, àwọn kan tilẹ̀ fún ìbejì méjèèjì ní ìdá tó yàtọ̀ síra, bẹ́ẹ̀ DNA àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ náà tún jìn ju ìyẹn lọ. Ní 1972, Richard Lewontin, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣírò pé nǹkan bí 85% nínú gbogbo ìyàtọ̀ tó wà nínú àbùdá ọmọ ènìyàn ló wà láàárín àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ara àwùjọ kan náà. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ló wà láàárín àwùjọ kan sí òmíràn, inú ìwọ̀nba yẹn sì ni àwòrán aláwọ̀ mèremère yìí ti ń wá gbogbo ohun tó ń sọ. Tí ẹ bá ka ìran mẹ́wàá sẹ́yìn, àyè òbí 1,024 ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà ní àyè yẹn ni kò fi ohunkóhun sílẹ̀ sínú DNA yín tí ẹ̀rọ lè rí. Òbí yín ṣì ni wọ́n.

Mi ò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó tìtorí àwòrán ayé náà ra nǹkan yìí.

Àkójọ àwọn ìbátan tó wà nínú èsì náà yàtọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Wọn kì í fi yín wé ogunlọ́gọ̀ níbẹ̀, ẹnì kan ni wọ́n ń fi wé ẹnì kan, tí wọ́n á wọn DNA tí àwọn méjèèjì jọ ní. Òbí àti ọmọ jọ ní ìdajì. Àwọn tí ìyá kan bàbá kan bí jọ ní nǹkan bí ìdajì. Àwọn tó jẹ́ pé òbí kan ṣoṣo ló pa wọ́n pọ̀, nǹkan bí 25% ni. Bí ìbátan bá sún mọ́ra tó báyìí, àṣìṣe ṣọ̀wọ́n. Kí ojú ewé náà tó ṣí, ìkìlọ̀ kan jáde pé mo lè rí ohun tí mi ò retí nípa ẹbí mi, ṣé kí wọ́n ṣí i? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bí mo ṣe máa ń tẹ gbogbo ohun tó bá jáde lójú fóònù, láìkà á dópin.

Orúkọ àbúrò mi ló wà lókè pátápátá. 26%. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òbí kan la jọ ní.

Mo pa fóònù náà. Mo tún tàn án. Mo rò pé wọ́n ti pààrọ̀ ìgò ẹlòmíràn mọ́ tèmi. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá nígbà tí àbúrò mi pè, kò sì kí mi. Ó kàn ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti rí i?” Mo ní mo ti rí i. Àwa méjèèjì dákẹ́, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ọdún 11 ti kọjá tí bàbá wa ti di olóògbé. Ọ̀kan nínú wa kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wọn, kò sì sí èyí tí kò mọ ẹni náà nínú wa, torí àbúrò mi gbé ojú wọn, ó gbé ìrìn wọn, tó bá sì ń ronú, ó máa ń fi ìka fa etí bíi tiwọn. Èmi ni mo ti ń wá ojú mi kiri nínú fọ́tò àwọn àjèjì.

Mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà lóru yẹn pé mo fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dáhùn, wọ́n dúpẹ́ pé mo kàn sí wọn, wọ́n sì fi ojú ewé kan ránṣẹ́ tó ṣàlàyé ohun tí 25% túmọ̀ sí. Mo ti mọ ohun tí 25% túmọ̀ sí. Iléeṣẹ́ tó mọ̀ pé ohun tí òun ń tà lè tú ilé ká, tó sì ti kọ ìkìlọ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ó yẹ kó ní ẹni tó máa gbé fóònù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé e sínú. Lọ́jọ́ kẹrin, mo lọ bá Màámi. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo kàn na fóònù sí wọn. Wọ́n wọ jígí wọn, wọ́n wo ojú ewé náà títí, wọ́n fi etí aṣọ wọn nu ojú fóònù bí ẹni pé ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀, wọ́n tún wò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Wọ́n mọ̀.”

Mo ní ta ló mọ̀.

“Bàbá rẹ. Kí n tó lanu ni wọ́n ti mọ̀. Oyún rẹ ti pé oṣù mẹ́ta nígbà tí wọ́n ní àwọn máa fẹ́ mi. Wọ́n ní kí n má tún sọ ọ́ mọ́, pé ọmọ àwọn ni. Mi ò sì sọ ọ́ mọ́.”

Mo bi wọ́n pé ṣé ọ̀rọ̀ náà kò jáde lẹ́nu bàbá mi lọ́jọ́ kankan, bóyá nígbà ìbínú. Màámi kò dáhùn. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì mú ìwé kan jáde tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ìwé tí bàbá wa máa ń kọ nǹkan sí ni, mo mọ ọwọ́ wọn. Ọjọ́ ìbí mi ló wà lójú ewé àkọ́kọ́, aago tí wọ́n bí mi, bí mo ṣe wúwo tó, lẹ́yìn ìyẹn ọ̀rọ̀ méjì péré tí wọ́n fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: Àkọ́bí mi. Ìlà kejì ti dá ìwé náà lu. Mo fi ìka kàn án láti ẹ̀yìn, ibi tí bírò gbà jáde ṣì ga níbẹ̀.

Iléeṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ òyìnbó kan tí wọ́n fi ń pe èmi àti àbúrò mi, ọ̀rọ̀ tó sọ wá di ìlàjì fún ara wa. Mo wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú èdè wa, mi ò rí i. Ọbàkan ni à ń pe àwọn tí bàbá pa pọ̀ ṣùgbọ́n tí ìyá wọn yàtọ̀. Àwa tí ìyá kan bí, ọmọ ìyá ni wá, ohun tí a sì ti ń jẹ́ láti kékeré nìyẹn. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àbúrò mi, ó bú sẹ́kún lórí fóònù, èmi náà sì sunkún. Àwọn àgbà ya àjọbí sọ́tọ̀ sí àjọgbé. Ìgò yìí mọ àjọbí dáadáa, kò sí irọ́ níbẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan rí nípa àjọgbé.

John Locke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní 1694 pé ohun tó so ẹni àná mọ́ ẹni òní ni ìrántí rẹ̀, pé ibi tí ìrántí èèyàn bá lè padà dé, ibẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ dé. Mi ò gbà á tán, torí ẹni tí ìrántí ti lọ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì ní orúkọ, ó ṣì ní àwọn tó ń pè é. Ṣùgbọ́n ó gbà mí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo rántí ọwọ́ bàbá mi lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tí mo fi kọ́ gígùn. Mo rántí pé wọ́n ti jáwọ́, wọn ò sọ fún mi, wọ́n ṣì ń sáré tẹ̀ lé mi kí n lè máa gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Kò sí àyẹ̀wò tó lè wọ ibẹ̀ lọ tún un kọ.

Mo ṣì máa ń ronú nípa 7% yẹn, bí ó ṣe yá mi lára tó láti gbà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Henri Tajfel, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kó àwọn ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 àti 15 jọ ní Bristol, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi àwòrán àwọn ayàwòrán méjì hàn wọ́n, Klee àti Kandinsky, ó sì pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì bíi pé àwòrán tí kálukú fẹ́ràn ló fi pín wọn. Kò sí òótọ́ níbẹ̀, ó kàn pín wọn bó ṣe rí ni. Síbẹ̀, nígbà tó ní kí wọ́n pín owó fún àwọn tí wọn ò rí lójú, àwọn ará ẹgbẹ́ tiwọn ni wọ́n fún jù, nígbà mìíràn wọ́n tilẹ̀ gbà kí owó ẹgbẹ́ tiwọn dín kù, kí ó ṣáà ti ju ti ẹgbẹ́ kejì lọ. Tajfel mọ ohun tí ẹgbẹ́ lè dà. Júù ọmọ Poland ni, ó wọṣẹ́ ológun Faransé, àwọn ará Jámánì mú un ní 1940, ó sì ní ọmọ Faransé ni òun. Ká ní wọ́n mọ̀ pé Júù láti Poland ni, kò sí ìwà rere kankan tó lè gbà á lọ́wọ́ ikú. Nígbà tó jáde, ẹbí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ti tán pátá.

Èmi náà, àwọ̀ kan lórí fóònù ló tó láti sọ mí di ará ibì kan. Ìdí nìyí tí ìdáhùn àwọn Cherokee, ọ̀kan nínú ẹ̀yà àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, fi wọ̀ mí lọ́kàn. Ní 2018, Elizabeth Warren tó jẹ́ olóṣèlú gbé èsì DNA jáde láti fi hàn pé ọmọ onílẹ̀ wà nínú àwọn baba ńlá òun. Àwọn Cherokee ní àyẹ̀wò DNA kò wúlò fún mímọ ẹni tó jẹ́ ọmọ àwọn. Orúkọ tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń wò, ẹni tó bá lè tọ́ka sí baba ńlá tàbí ìyá ńlá rẹ̀ níbẹ̀ ni tiwọn. Ṣùgbọ́n àwọn náà ní ẹjọ́ tiwọn láti jẹ́. Wọ́n ti fi àwọn aláwọ̀ dúdú ṣẹrú rí, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn ní 1866 pé ẹ̀tọ́ kan náà ni àwọn yẹn àti ọmọ wọn máa ní. Ó di 2021 kí ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ tó yọ ọ̀rọ̀ “nípa ẹ̀jẹ̀”, èyí tí wọ́n fi ń ti àwọn yẹn sẹ́yìn, kúrò nínú òfin wọn. Ọdún 155 rèé lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti ààbò, torí mi ò lè fi sílẹ̀. Itọ́ yín kì í ṣe tiyín nìkan, ti àwọn ọmọ ìyá yín ni, ti ọmọ yín tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ ni. Ní 2023, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ 23andMe, ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ àyẹ̀wò DNA, ọ̀rọ̀ nípa nǹkan bí mílíọ̀nù 6.9 èèyàn sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Àwọn orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ ni ti àwọn Júù àti ti àwọn tí ìran wọn ti Ṣáínà wá. Ẹ rò ó wò: ẹni tó fẹ́ mọ ẹ̀yà tí òun ti wá, wọ́n fi ẹ̀yà náà to orúkọ rẹ̀ sórí àtẹ fún títà. Ní oṣù kẹta 2025, iléeṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́ pé àwọn ti wọ gbèsè. Tí ẹ bá ti tutọ́ tiyín, ẹ lọ síbi ètò àkáǹtì yín, ẹ béèrè kí wọ́n pa èsì rẹ́, kí ẹ sì tún béèrè lọ́tọ̀ kí wọ́n da itọ́ náà nù. Lọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ kan, ọ̀tọ̀ ni ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni èkejì.

Mi ò tíì pa tèmi rẹ́. Orúkọ kejì lórí àkójọ mi, 12%, jẹ́ ti obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni tó bí mi. Ó kọ̀wé sí mi pé, “Ta ni yín? A fẹ́ mọ̀ yín.” Oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó lè fèsì. Ó fi fọ́tò ọkùnrin kan ránṣẹ́, olóògbé, iwájú orí mi sì wà níbẹ̀ gédégbé. Inú mi dùn láti rí i. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí màá pè wọ́n. “Bàbá mi” kọ̀, kò jáde. “Ẹni tó bí mi” ni mò ń wí. Obìnrin náà ò bínú sí i. Ó máa ń pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ń sọ ti ọmọ rẹ̀ tó ń hu eyín, èmi náà ń sọ ti ọmọ àbúrò mi. Mo ti ń retí ìpè rẹ̀ báyìí, bí ó bá sì pẹ́, ọkàn mi kì í balẹ̀. 12% wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kò mú mi retí ẹnikẹ́ni.

Ibì kan kù tí mo ṣì ń lò lórí ojú ewé iléeṣẹ́ náà, ibi tí wọ́n ti ń to ìdílé. Mo tẹ orúkọ bàbá mi síbi tí wọ́n kọ Bàbá sí. Àtẹ kan jáde pé kí n yan ohun tí wọ́n jẹ́ sí mi: ti ẹ̀jẹ̀, alágbàtọ́, ọkọ ìyá, alábòójútó. Mo wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà pé kí wọ́n jẹ́ kí èèyàn lè fojú fo ìbéèrè yẹn, wọn ò tíì dáhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣàkíyèsí pé tí mo bá pa àtẹ náà dé láìyan ìkankan, orúkọ wọn kì í lọ. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.